Àwọn Alábàájókòó

Ẹni tó bá fẹ́ ran sùtánà ní Òkìtìpupa, tó sì fẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ dáadáa, tí kò ní í máa ká sókè bí ó bá kúnlẹ̀, ọ̀dọ̀ Jùwọ́nlọ́lá ni wọn yóò júwe fún un. Kò sí pátákó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Aṣọ funfun tó máa ń fi kọ́ ojú fèrèsé ni àwọn ènìyàn fi ń dá ibẹ̀ mọ̀. Yàrá iwájú ilé ọkọ rẹ̀ ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, maṣíìnì rẹ̀ sì dojú kọ títì, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń kọjá lọ sọ́jà a máa kí i láìdúró. Ìyá Tóbi ni wọ́n ń pè é, nítorí Olúwatóbilọ́ba, àkọ́bí rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́. Obìnrin gíga ni, ọ̀rọ̀ kì í sì í yá lẹ́nu rẹ̀. Bí o bá bi í ní nǹkan, yóò kọ́kọ́ fi eyín já òwú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò wo ibi tó rán, kí ó tó dá ọ lóhùn. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rò pé ìgbéraga ni. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ó ń wọn ọ̀rọ̀ bí ó ṣe ń wọn aṣọ ni, torí ohun tí a bá ti gé kò ṣeé dá padà.

Inú ṣọ́ọ̀bù yìí ni ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó pè é ní ẹgbẹ́ nígbà náà. Vivian, tó ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe púpurú tà ní ẹ̀yìnkùlé kejì, tí èéfín rẹ̀ kì í jẹ́ kí aṣọ funfun Jùwọ́nlọ́lá sinmi, ló wọlé lọ́jọ́ kan. Ó ní àwọn ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin pe òun sí ìpàdé lórí ilẹ̀ bàbá àwọn ní Òṣooro, òun kò sì fẹ́ dá lọ. Gbogbo ìgbà tí òun bá dá lọ, ńṣe ni òun máa ń gbà sí ohun tí òun kò fẹ́, òun á sì tún dúpẹ́ kí òun tó kúrò níbẹ̀. Jùwọ́nlọ́lá gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó wé gèlè, ó bá a lọ. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ẹ̀yìn Vivian ló jókòó sí, ó kó ọwọ́ lé itan, ó ń wo ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ lójú. Ẹ̀gbọ́n Vivian tó fẹ́ jágbe rí ojú àlejò, ó gbé igbe náà mì. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, Vivian ní òun kò mọ̀ pé ohùn òun máa ń dún tó bẹ́ẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé etí àwọn mìíràn nìyẹn. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní kóòtù wá. Ẹni tí wọ́n pè sí àgọ́ ọlọ́pàá nítorí àbúrò rẹ̀ wá. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń pàdé, lórí bẹ́ǹṣì tí Jùwọ́nlọ́lá fi ń gba oníbàárà, òfin wọn kò sì ju ohun tí ènìyàn lè há sórí lọ. Obìnrin tí a bá pè síbi ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ dá lọ. Ẹni tó bá bá a lọ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ bú ẹnikẹ́ni, kò sì gbọdọ̀ dìde títí ẹni tí a pè yóò fi dìde. Alábàájókòó ni wọ́n ń pe ara wọn. Onídìí Òkúta ni àwọn ọkùnrin ìlú ń pè wọ́n. Ọmọbìnrin kan láti yunifásítì wá jókòó tì wọ́n nígbà kan, inú rẹ̀ dùn púpọ̀, ó ní ohun tí wọ́n ń ṣe yìí lórúkọ nínú ìwé, fẹ́mínísìmù ni wọ́n ń pè é. Vivian ní kí ó jẹ́ kí orúkọ náà ṣì máa gbé inú ìwé ná, àwọn ń lọ sí Akotogbo lọ́la, ọlọ́kadà kò sì ní í dúró de àwọn.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀rọ̀ náà kò ti ṣeé fi rẹ́rìn-ín. Aládùúrà ni Jùwọ́nlọ́lá àti ọkọ rẹ̀, Adébọ́lá. Ọjọ́ ìsinmi kan báyìí, wọ́n wàásù pé obìnrin tó bá ń jókòó síbi tí a kò pè é, àfojúdi ló ń kọ́ àwọn ìyàwó onílé. Adébọ́lá wà ní ìlà iwájú láàárín àwọn àgbà ìjọ. Kò yíjú padà, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ rí bí ọrùn rẹ̀ ṣe le nínú sùtánà tí òun fúnra òun rán fún un. Wọ́n jọ rìn délé. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni Adébọ́lá. Kì í pariwo, kì í sì í yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ní òun yóò wá, yóò wá. Bí ó bá ní òun kò ní í wá, má wulẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ dè é.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí ni Dominic, àbúrò Adébọ́lá, já bọ́ lórí ọ̀pẹ ní Igbódìgò, níbi tí agbo ilé wọn wà. Igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ ló já. Kò pẹ́ púpọ̀ kí ó tó kú. Lucy ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n lọ pè wá láti ẹbu, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń fún epo ní ẹ̀yìn agbo ilé, ọwọ́ rẹ̀ ṣì pupa fún ẹyìn. Ẹbu náà, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gbẹ́ ẹ, wọ́n jọ mọ ọ́n, ọmọ wọn méjì sì ni wọ́n fi ń tọ́.

Nínú ilé yẹn, obìnrin kì í ré igbà ọ̀pẹ kọjá. Kí wọ́n tó sin Dominic tán, ọ̀rọ̀ ti ń jà nílẹ̀ pé ẹnì kan rí Lucy tó ré igbà náà kọjá ní ẹbu lówùúrọ̀ ọjọ́ ọ̀hún. Ẹni tó rí i kò lórúkọ. Bí o bá bi ẹnì kan, yóò ní lẹ́nu ẹlòmíràn ni òun ti gbọ́. Lẹ́yìn náà ni wòlíì kan ríran pé ọwọ́ tó súnmọ́ olóògbé ló ṣe é. Ta ló súnmọ́ ọkùnrin ju ìyàwó rẹ̀ lọ? Bí Ajíbóyè ṣe bèèrè rẹ̀ nìyẹn. Ajíbóyè ni olórí ẹbí, òun ni ẹ̀gbọ́n wọn pátápátá, òun ló sì tọ́ Adébọ́lá dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá wọn. Ó ní Lucy yóò mu omi.

Àṣà kan ni, kì í ṣe ti gbogbo Ìkálẹ̀, ti ilé yẹn nìkan ni. Bí ọkọ bá kú ikú òjijì tí ojú bá sì wà lára ìyàwó, wọn a pa díẹ̀ mọ́ nínú omi tí wọ́n fi wẹ òkú. Lọ́jọ́ ìpàdé ẹbí, wọn a bù ú sínú igbá, opó a sì mu ún lójú gbogbo ènìyàn. Bí kò bá mu ún, a jẹ́ pé òun ló pa ọkọ rẹ̀. Yóò jáde nílé, yóò fi àwọn ọmọ sílẹ̀, yóò sì fi gbogbo ohun tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ní sílẹ̀. Ọkùnrin kì í fọwọ́ kan igbá yẹn, torí wọ́n gbà pé ikú ọkùnrin ló wà nínú rẹ̀. Ìyàwó ilé ló ń gbé e fún opó, ẹni tó bá pẹ́ jù nílé ọkọ. Bí ìyẹn kò bá lè gbé e, ó di ti ẹni tó tẹ̀ lé e, títí dé orí ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé. Bí wọ́n bá sì ti bu omi náà sínú igbá, kò gbọdọ̀ rí alẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú bá a, ilẹ̀ ni yóò mu ún, opó bọ́ nínú ẹ̀sùn, ọ̀rọ̀ náà tán nìyẹn, ẹnikẹ́ni kì í tún un dá sílẹ̀.

Ajíbóyè ní àwọn kì í ṣe abọ̀rìṣà, àwọn ti gbàdúrà sí omi náà.

Jùwọ́nlọ́lá ti rí i rí. Nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun ni ìyàwó Àkànmú, olóògbé kan nínú àwọn ọmọ ilé náà, mu ún, òun sì wà lórí ẹní pẹ̀lú àwọn ìyàwó yòókù, ó rí bí ọ̀fun obìnrin náà ṣe ń lọ sókè sódò. Obìnrin náà kò kú. Ṣùgbọ́n títí tó fi kó kúrò ní Igbódìgò, bí o bá bu omi fún un, yóò kọ́kọ́ gbé e sójú oòrùn, yóò yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó tó gbé e sẹ́nu. Ìyá Catherine ló gbé igbá fún un nígbà náà. Ìyá Catherine ti kú lọ́dún tó kọjá, ipò ìyàwó àgbà sì ti bọ́ sọ́wọ́ Jùwọ́nlọ́lá. Òun fúnra rẹ̀ kò rò ó títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí Lucy wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nínú aṣọ dúdú.

Lucy kò sunkún. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo sùtánà tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́.

"Ìyá Tóbi, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa gbé e fún mi."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Bàbá Ajíbóyè. Ó ní kí n wá bẹ̀ yín kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n bù ú kún."

Jùwọ́nlọ́lá já òwú. Ó wo ibi tó rán. Ojú rán náà wọ́, ó sì tú u. Ó wá bi Lucy bóyá ó ré igbà náà kọjá. Lucy ní òun kò mọ̀. Ó ní ilẹ̀ ẹbu ni wọ́n ń kó igbà sí, ilẹ̀ ẹbu ni òun ń rìn, bí òun bá ré e kọjá, òun kò rí i. Ó ní ohun tí òun mọ̀ ni pé igbà náà ti gbó, òun sọ fún Dominic kí ó wá òmíràn, ó ní kí àwọn fún epo ọ̀sẹ̀ yẹn tán ná. Lẹ́yìn náà ló ní bí òun bá mu ún, ṣé wọn yóò fi òun àti àwọn ọmọ òun sílẹ̀ lóòótọ́? Ohun tí Jùwọ́nlọ́lá sọ fún un kò ju pé lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ ìpàdé ẹbí, kò ní í dá jókòó.

Lálẹ́ Ọjọ́rú, Adébọ́lá dé láti ìsọjí, ó ń ká sùtánà rẹ̀ lórí itan.

"Ẹ̀yìn ta lo máa jókòó sí ní Sátidé?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀, Bàbá Tóbi."

Ó ká apá ọ̀tún aṣọ náà, ó ká apá òsì. Ó ní ẹgbẹ́ tó ń bá kiri yìí, òun kò dí i lọ́wọ́ rí. Wọ́n bú òun ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun gbé e mì. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ń jókòó látẹ̀yìnwá, ilé onílé ni. Èyí, ilé òun ni. Ajíbóyè ló fi oúnjẹ sí òun lẹ́nu nígbà tí òun kò ní baba. Ṣé òun yóò wá máa wo ìyàwó òun kí ó jókòó lódìkejì?

Jùwọ́nlọ́lá bi í bóyá ó gbà pé Lucy ló pa Dominic. Ọkọ rẹ̀ ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Kí wá ni ẹ fẹ́ kí n gbé fún un mu?"

Adébọ́lá gbé aṣọ tó ká náà sórí àga.

"N kò ní í lù ọ́, n kò sì ní í bú ọ. Ṣùgbọ́n bí o bá jókòó sẹ́yìn Lucy, wá ibòmíràn jókòó sí lẹ́yìn náà. Ilẹ̀kùn mi kò ní í ṣí."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò yóò rọ̀. Jùwọ́nlọ́lá mọ ọkọ rẹ̀. Oorun kò kùn ún lóru náà.

Bí òun bá kọ igbá náà, ó mọ̀ pé kò tíì tán. Ìyàwó mẹ́ta ló kù nínú ilé tó lè rìn dé ojú agbo: òun, Charity, ìyàwó àbúrò tó tẹ̀ lé Adébọ́lá, àti Olúwadámilọ́lá, tí Ambrose ọmọ Ajíbóyè ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé. Ẹni kan ṣoṣo tó bá gbé e nínú wọn ti tó. Nítorí náà ó gbéra lọ sí Igbódìgò.

Charity ń yan gààrí nígbà tó bá a. Obìnrin ẹlẹ́rìn-ín ni, ìbẹ̀rù rẹ̀ sì ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ń fi pákó tú gààrí láìwò ó.

"Ìyálé mi, ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀mí àtijókòó. Èmi, bí wọ́n bá ti jágbe mọ́ mi báyìí, ńṣe ni mo máa ń dìde."

Jùwọ́nlọ́lá ní kí ó wá ohun tí kò ní í jẹ́ kí ó dìde. Charity rò ó, gààrí fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná. Ó ní òun á wá nǹkan.

Ti Olúwadámilọ́lá ló ṣòro. Nínú ilé Ajíbóyè gan-an ló ń gbé. Oyún rẹ̀ ti yọ síta dáadáa, ó jókòó sórí àpótí, ó ń ja ẹyìn kúrò lára ìdì, ẹ̀gún ti ha á lọ́wọ́. Ó kí ìyálé rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tí ìyálé rẹ̀ bá wá, ó bojú wo ẹ̀yìn, ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Mà, oúnjẹ Bàbá ni mò ń jẹ. Ẹ má bèèrè ìyẹn lọ́wọ́ mi."

Jùwọ́nlọ́lá kò bẹ̀ ẹ́. Kò sí ohun tó ní tó lè fi dípò òrùlé tó wà lórí ọmọ náà. Ó bá a ja ẹyìn díẹ̀, ó bi í léèrè ara rẹ̀. Ọmọ náà ní ó ń rẹ òun ṣáá, ẹsẹ̀ òun ń wú. Jùwọ́nlọ́lá sọ ohun tí gbogbo àgbà ń sọ fún aboyún, pé bó bá ti rẹ̀ ẹ́ kí ó jókòó, kò sí ẹni tó ń lé aboyún dìde. Ó nu ọwọ́, ó lọ. Nígbà tó dé ojú títì, ó mọ̀ pé òun ti kùnà.

Lọ́jọ́ Sátidé, Adébọ́lá gun alùpùpù rẹ̀ ṣáájú, kò sọ pé kí ìyàwó òun gun ẹ̀yìn. Ọlọ́kadà kan ló gbé Jùwọ́nlọ́lá àti Vivian. Oòrùn ti ń yẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn nígbà tí wọ́n wọ agbo ilé. Ẹbu Dominic tutù lẹ́yìn ilé, dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń se ẹyìn dojú dé, adìẹ Ajíbóyè ń tan nínú ṣakará ẹyìn tí wọ́n ti fún epo rẹ̀. Àwọn ọkùnrin wà lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ máńgòrò. Ẹní ìyàwó ilé wà ní apá kejì. Lucy nìkan ló wà láàárín, lórí àpótí kúkurú, wọ́n ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ sínú ilé.

Ẹsẹ̀ mélòó kan ló wà láàárín ẹní àti àpótí náà. Jùwọ́nlọ́lá kò wo ẹní. Ó lọ sẹ́yìn Lucy, ó tẹ́ ìró kan sílẹ̀, ó jókòó, Vivian jókòó tì í. Adébọ́lá ń wo bàtà ara rẹ̀.

Ajíbóyè kò bínú lákọ̀ọ́kọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹbí. Wọ́n gbé ìkòkò wá, ìyá arúgbó kan tó jẹ́ ọmọ ilé bu omi rẹ̀ sínú igbá, ó gbé e lé orí òkúta níwájú olórí ẹbí, ó padà wọlé. Ajíbóyè wá pe ìyàwó àgbà.

Jùwọ́nlọ́lá kò dìde. Gbogbo ọdún tó fi ń jókòó tì àwọn obìnrin, kò la ẹnu rí níbi ìpàdé. Ó là á lọ́jọ́ náà.

"Bàbá, ọwọ́ mi kò ní í gbé e."

Ajíbóyè wo Adébọ́lá, ó wo obìnrin náà. Ó bi í bóyá abẹ́rẹ́ ti gba agbára ọwọ́ rẹ̀ tán ni, àbí àwọn Onídìí Òkúta ti di onílé láìsọ fún òun. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú, ọwọ́ pọ̀ nínú ilé òun. Ó pe Charity.

Charity fi ọwọ́ hàn. Ó ti fi aṣọ dì í láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìka, ó ní epo gbígbóná ló dà sí òun lára. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú omijé. Ó wá fi ọwọ́ tí ó dì náà nu omijé, ó nu imú, ó sì fi ti ara rẹ̀ nílẹ̀ kí ó lè jókòó dáadáa. Vivian gé ètè rẹ̀ jẹ. Ajíbóyè rí i, gbogbo ènìyàn rí i, ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ tú aṣọ lọ́wọ́ ìyàwó oníyàwó?

Ẹ̀rín ti tán nílẹ̀ nígbà tó pe Olúwadámilọ́lá. Èdè Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé ló fi pè é, kò sì pariwo. Ambrose ti nàró, ó ń wo ìyàwó rẹ̀.

Ọmọ náà dìde. Ó rìn dé ibi òkúta, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ra, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá náà. Jùwọ́nlọ́lá gbọ́ bí èémí Lucy ṣe já. Lucy yí orí díẹ̀.

"Ìyá Tóbi, màá mu ún. Ẹ jẹ́ kí n mu ún, kí ó tán."

Jùwọ́nlọ́lá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn, ó mú un dání níbẹ̀. Olúwadámilọ́lá ń bọ̀, omi ń mì nínú igbá, ó ń kán sí i lórí ìró. Ó dé ìdajì ọ̀nà. Ó dúró. Ó wo ilẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ wá ibi tó tẹ́jú, ó sì rọra jókòó síbẹ̀, ó gbé igbá náà lé itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí i ká.

Ambrose bi í kí ló dé.

"Ó rẹ̀ mí," ló wí. "Oyún ló ń rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀, Bàbá."

Aboyún ní ó rẹ òun. Ajíbóyè ní kí ó sinmi, kí ó yára sinmi. Wọ́n dúró. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó bi í bóyá ó ti tó. Ó ní ó ṣì rẹ òun. Ambrose fẹ́ súnmọ́ ọn, bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ dá a dúró: igbá wà lọ́wọ́ obìnrin náà, bí ọkùnrin bá já a gbà, ọkùnrin ló gba ikú. Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá arúgbó tó bu omi. Ó ní òun kì í ṣe ìyàwó ilé, ọmọ ilé ni òun, kí wọ́n má fi òun ṣẹ̀sín.

Ìgbà yẹn ni Jùwọ́nlọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í wo oòrùn.

Ó ti wà lórí igi ọ̀pẹ tó kẹ́yìn lápá ìwọ̀ oòrùn. Ajíbóyè náà ń wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fún ọmọ náà, ohùn rẹ̀ ń le sí i. Ó ní abẹ́ òrùlé ta ló wà? Ta ló ń bọ́ ọ? Bí ọmọ inú rẹ̀ bá jáde, orúkọ ta ni yóò jẹ́? Olúwadámilọ́lá ń dáhùn gbogbo rẹ̀ pé tiyín ni, Bàbá, tiyín ni. Omijé ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sínú igbá, kò sì dìde. Yànmùyánmú ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wọ́n lẹ́sẹ̀. Kò sí obìnrin kan tó pa á. Ẹsẹ̀ Jùwọ́nlọ́lá ti kú, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn Lucy, ó sì ń gbọ́ bí ọkàn obìnrin náà ṣe ń lu egungun.

Ìkùukùu dúdú gbéra láti apá òkun, ó bo oòrùn. Ojú ọjọ́ ṣú lẹ́ẹ̀kan. Vivian mí kanlẹ̀, ṣùgbọ́n Ajíbóyè ti dìde, ó ń na ìka sókè. Ó ní òjò ló ṣú, oòrùn kò tíì wọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da omi kan nù. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ẹnì kan ní ó ti wọ̀, ẹnì kan ní ó kù díẹ̀, ẹnì kan yọ fóònù jáde, Ajíbóyè ní fóònù kọ́ ló dá àṣà ilé òun. Ó yíjú sí Ambrose, ó ní kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìyàwó rẹ̀ nàró, òun kò sọ pé kí ó fọwọ́ kan igbá.

Ambrose gbé ẹsẹ̀ kan.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ohùn kan wí láti orí bẹ́ǹṣì. "Adìẹ yín ti lọ sùn."

Adébọ́lá ni. Kò dìde, kò wo ìyàwó rẹ̀. Ó kàn nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé. Gbogbo ojú lọ síbẹ̀. Lórí dúrọ́ọ̀mù Dominic tó dojú dé, àwọn adìẹ Ajíbóyè ti tò jọ, wọ́n ti kó orí sínú ìyẹ́. Ènìyàn lè jiyàn lórí ìkùukùu. Adìẹ kò ní ẹbí tó ń gbè, kò sì sí ẹni tó rí adìẹ kí ó lọ sùn nígbà tí ilẹ̀ kò ṣú.

Ajíbóyè dúró fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ mú. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹbu ṣì ń bọ̀. Ó wọlé láìṣe àdúrà ìkádìí. Àwọn ọkùnrin ń dìde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Olúwadámilọ́lá fi ọwọ́ ara rẹ̀ da omi igbá náà sílẹ̀, níbi tó jókòó sí, ilẹ̀ pupa náà sì fà á mu.

Lucy kò lè dìde lójú ẹsẹ̀, nítorí náà Jùwọ́nlọ́lá àti Vivian kò dìde. Wọ́n wà níbẹ̀ títí àwọn ọmọ rẹ̀ fi sáré jáde. Lucy bu omi mímu nínú àmù, ó ń fọ ẹnu, ó ń tu omi náà dà nù, ó tún ń fọ ọ́, bẹ́ẹ̀ kò mu nǹkan kan nínú igbá náà. Jùwọ́nlọ́lá lọ bá Olúwadámilọ́lá, ó ní kí ó tẹ̀ lé àwọn lọ sí Òkìtìpupa. Ọmọ náà kọ̀. Ó ní bí òun kò bá wọlé lónìí, òun kò ní í lè wọlé mọ́, àti pé òun ni òun máa se oúnjẹ alẹ́. Vivian ní ó dáa, wọ́n á wá kí oyún lọ́la lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á tún wá ní ọ̀túnla. Ta ni yóò lé ẹni tó wá kí aboyún?

Òjò kò rọ̀. Nígbà tí ọlọ́kadà já wọn sílẹ̀ lójú títì ní Òkìtìpupa, iná wà nínú ilé Adébọ́lá, alùpùpù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni maṣíìnì Jùwọ́nlọ́lá wà. Òun àti àga rẹ̀, àti àpò aṣọ rẹ̀. Ẹni tó gbé e síta ti fi ọ̀rá bò ó kí òjò má baà dé orí rẹ̀, ó sì ti fi òkúta mú ọ̀rá náà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Sùtánà tó rán dé ìdajì ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, kò ní àbàwọ́n kankan.

Jùwọ́nlọ́lá kò kan ilẹ̀kùn. Ó mọ̀ pé ọkọ òun wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, torí ó gbọ́ bí àga ṣe dún. Ó gbé òkúta kọ̀ọ̀kan kúrò, ó ká ọ̀rá náà ní ìlọ́po, ó fa àga, ó jókòó. Ó wá ojú rán pẹ̀lú ìka nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ láti abẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ní kí Vivian máa lọ, iná púpurú rẹ̀ yóò ti kú.

Vivian ní ẹgbẹ́ kì í dìde ṣáájú ẹni tí àwọn bá wá. Ó ní àti pé, Jùwọ́nlọ́lá ti rú òfin lónìí, ó la ẹnu níbi ìpàdé, wọn yóò dájọ́ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ibikíbi tí Ọjọ́bọ̀ bá ti bá wọn. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn àga rẹ̀, ó kó ọwọ́ lé itan, ó sì kọjú sí ilẹ̀kùn.